"Hẹn" Kì Í Ṣe Orúkọ Ìlú: Bí Mo Ṣe Fi Ayé Mi Jí Àwọn Tó Ń Sùn Nínú Rélùwéè

Ẹ̀yin ọmọ, olùkọ́ yín ló fà mí wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ẹ ti ń sún mọ́ ìparí ilé-ìwé yín ní Bódìjà níbẹ̀, ẹ ò sì tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, kí n wá kọ tèmi sílẹ̀ fún yín. Mo ní, "Ìwọ, ṣé dókítà àti lọ́yà ti tán ní Ìbàdàn ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, tiyín gan-an ni mo fẹ́." Bí ẹ bá kà á dé àárín, ẹ ó mọ ìdí tí n kò fi lè sọ fún un pé rárá.

Iṣẹ́ mi nìyí: mo ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn tó ń sùn nínú ọkọ̀ ojú irin alẹ́, mo sì ń jí wọn nígbà tí ìlú wọn bá dé. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe é. Ẹ rọra rẹ́rìn-ín o. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi gbọ́ ọ ní Agbowó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ń kọrin tẹ̀ lé mi pé, "Délé ń tẹ́ ẹ, Délé ń ká a!" Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Katikíìsì ni bàbá mi, láti Ìkọ̀lé-Èkìtì ló ti wá sí Ìbàdàn. Ó ní iṣẹ́ kì í pa ni, ìṣẹ́ ló ń pa ni. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gùn rárá: ẹnìkan nínú ìjọ wa mọ ẹnìkan ní téṣàn Dùgbẹ̀, wọ́n kọ orúkọ mi, wọ́n fún mi ní kóòtù funfun oníbọ́tìnnì dúdú, ó parí. Owó oṣù ńkọ́? Ó tó jẹun, kò tó yangàn.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé rélùwéè Mòníyà nìkan lẹ mọ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọkọ̀ tiwa ń ti Èkó bọ̀. Yóò dé Dùgbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, àwa ará Ìbàdàn á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Èkó, ó di Kánò. Kọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń sùn nínú rẹ̀ pín sí yàrá kéékèèké. Bẹ́ẹ̀dì méjì ló wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, àkàsọ̀ irin kan láàárín wọn, kọ́tìnnì kan níwájú ìkọ̀ọ̀kan. Lọ́sàn-án, àga ìjókòó ni ti ìsàlẹ̀, ti òkè á sì ká mọ́ ara ògiri. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, èmi nìyẹn pẹ̀lú aṣọ bẹ́ẹ̀dì lápá kan, kúbùsù lápá kejì, tí mò ń kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá Láoyè ló kọ́ mi níṣẹ́. Ènìyàn kúkúrú ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n bó bá pe orúkọ rẹ báyìí, wàá kọ́kọ́ ronú ohun tí o ti bàjẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé yóò fi bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì hàn mí ni. Ó nawọ́ sí bẹ́ẹ̀dì òkè, ó ní, "Gùn ún."

Mo ní, "Kí n gùn ún ṣe kí ni, sà?"

"Kí o sùn."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Rárá o. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi sùn káàkiri kọ́ọ̀ṣì yẹn: lórí táyà irin tó ń ké ní gbogbo òru, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtọ̀, lókè, nísàlẹ̀. Láràárọ̀ ni yóò máa bi mí pé, "Ibo ló ń dùn ọ́?" Mo ní ọrùn. "Kí ló fà á?" Mo ní ìrọ̀rí ti fẹ́lẹ́ jù. "Ta ló tẹ́ ẹ?" Mo ní èmi ni. Á ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Ó ní ibùsùn tí èèyàn kò bá sùn rí, kò lè mọ̀ ọ́n tẹ́ fún ọmọ ẹlòmíràn.

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Ọ̀gá Láoyè fi òwú pupa rán àmì sí etí kan gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì wa. Etí yẹn ni ti ẹsẹ̀. Bí wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, bí wọ́n fi sítáàṣì sí i tó ń dún ràkàràkà, ibi tí ẹsẹ̀ bá ti kàn kò gbọdọ̀ kan ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Lọ́jọ́ kan, mo kánjú, mo fi òwú pupa síbi ìrọ̀rí. Àlejò náà kò tilẹ̀ mọ̀. Ọ̀gá mi bẹ̀ ẹ́ kó dìde, ó tú bẹ́ẹ̀dì náà ká níwájú rẹ̀, ó sì sọ fún mi pé, "Aṣọ ẹsẹ̀ lo fẹ́ fi nu ojú bàbá ẹni ẹlẹ́ni?" Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà di òní, nínú ilé mi, òwú pupa wà létí aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ lè bi ìyàwó mi.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gan-an ni jíjí. Ẹnikẹ́ni lè tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òfin Ọ̀gá Láoyè ni pé a kì í fọwọ́ kan ẹni tó ń sùn, a kì í tan iná sójú àgbà, a kì í ṣí kọ́tìnnì obìnrin, a kì í sì í pe àgbàlagbà lórúkọ lójú oorun. Igi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni wàá fi ìka kàn, kó, kó, kó, wàá sì dárúkọ ìlú: "Òṣogbo dé o." Lẹ́yìn náà, dúró. Bí ẹni náà bá ní "hẹn," kò tíì jí. Bó ní "mo ti gbọ́," irọ́ ni, kò tíì jí. Bó bá fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ìlú náà padà, ó ti jí nìyẹn, o lè máa lọ. Ọ̀gá mi a máa wí pé, "Délé, 'hẹn' kì í ṣe orúkọ ìlú." Ẹ rántí gbólóhùn yìí.

Mo lo òfin yìí fún ọdún mẹ́jọ, ẹnì kan kò sùn kọjá lọ́wọ́ mi. Mo wá ń gbéra ga díẹ̀. Bí mo bá dúró ní Dùgbẹ̀ nínú kóòtù funfun mi, ẹ ó rò pé èmi ni mo ra ọkọ̀ náà. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ọ̀dọ́bìnrin kan wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, báàgì kékeré lọ́wọ́, fáìlì aláwọ̀ ilẹ̀ lábíyá. Ojú rẹ̀ pọ́n. Kò tíì jókòó tó fi ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, Ọ̀fà ni mò ń lọ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sùn kọjá."

Mo ní, "Àǹtí, kò sẹ́ni tó sùn kọjá lọ́wọ́ mi rí."

"Tèmi kì í ṣe eré o. Ilé ẹjọ́ ni mò ń lọ, nítorí ọmọ mi."

Ó wá sọ fún mi. Taípíìsì ni ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti túká, ọkọ sì ti gbé ọmọbìnrin wọn, Fúnmi, ọmọ ọdún márùn-ún, lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ọ̀fà. Obìnrin náà gbé ọkọ lọ sí kóòtù ìbílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n pe ẹjọ́ náà lẹ́ẹ̀kíní, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì, mọ́tò tó wọ̀ bàjẹ́ lọ́nà. Adájọ́ wá sọ pé bí kò bá sí níbẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án lọ́tẹ̀ yìí, a jẹ́ pé kò fẹ́ ọmọ náà, kí ó wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Bàbá sì ti múra, Gánà ló fẹ́ gbé ọmọ náà lọ lọ́jọ́ kejì.

"Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí n kò fi ojú kan oorun," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n kúkú jókòó di ìdájí."

Èmi, alágbéraga, mo ní, "Rárá o. Bí ẹ bá gbé ojú pupa yìí lọ síwájú adájọ́, wọ́n á ní ẹ mutí. Ẹ sùn. Nítorí àtijí yín ni wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́." Ẹ gbọ́ ọ, èmi ni mo ní kó sùn.

Ìyá àgbà kan ló ni bẹ́ẹ̀dì òkè nínú yàrá kan náà. Zàríà ló ń lọ, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó fẹ́ lọ wẹ ìkókó. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wa: ìsàlẹ̀, Ọ̀fà, òkè, Zàríà. Mo kí wọn pé ó dàárọ̀, mo pa ilẹ̀kùn dé.

Ohun tí n kò rò nìyí, èmi ọmọ katikíìsì tí wọ́n fi ẹgba kọ́ nílé. Eékún ń dun ìyá àgbà. Ọmọ Yorùbá wo tí wọ́n kọ́ ire ni yóò na ara rẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ kó máa wo ìyá arúgbó tó ń pọ́n àkàsọ̀? Mi ò tíì rìn dé ẹnu ọ̀nà kejì tí Ìyá Fúnmi ti kúnlẹ̀, tó ní, "Màmá, ẹ wá sùn síbí, ẹ jẹ́ kí n gùn ún." Ìyá súre fún un títí, ó dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin lọ sókè. Ṣọ́ọ̀kì mi kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ọkọ̀ wọ Ọ̀fà kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo kan ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀. Kó, kó, kó. "Ọ̀fà dé o, ẹ dìde."

Ohùn kan ti ẹ̀yìn kọ́tìnnì jáde wá, ó dún ketekete: "Ọ̀fà! Ìyẹ̀rú Ọ̀kín! Ọ̀fà ilé mi!"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní nínú ara mi pé, èyí kò tilẹ̀ pe orúkọ ìlú lásán, ó ń kì í. Bí ẹni tó ń ki ìlú kò bá tíì jí, ta ló jí? Mo lọ bá àwọn mẹ́ta mìíràn gbé ẹrù sílẹ̀. Gáàdì fọn fèrè, ọkọ̀ ṣí.

A ti rìn jìnnà díẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn yẹn ṣí. Ìyá Fúnmi dúró síbẹ̀, fáìlì lọ́wọ́, ó ti wọ bàtà rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, Ọ̀fà ò tíì dé?"

Ẹ̀yin ọmọ, mo wo ilẹ̀kùn, mo wo ṣọ́ọ̀kì, mo wo ẹni tó ti òkè sọ̀kalẹ̀ wá. Mo ní, "Àǹtí, ta ló wà nísàlẹ̀?" Ó ti rí i lójú mi. Kò pariwo, kò bú mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ̀nà tóóró yẹn, ó gbá fáìlì mọ́ àyà, ó ní, "Fúnmi ti lọ." Ìbá ṣe pé ó gbá mi létí ni, ìbá sàn fún mi.

Ìyá àgbà jí wàyí. "Kí ló dé? Kí ló ṣe yín?" Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ẹnu mi ni! Wọ́n bí mi ní Ọ̀fà, ọkọ ló gbé mi wá Ìbàdàn. Mò ń lá àlá ni, mo gbọ́ tí wọ́n dárúkọ ilé bàbá mi, ẹnu mi bá dáhùn fúnra rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé mo sọ̀rọ̀!" Ló bá bú sẹ́kún, èmi náà kò sì jìnnà sí i.

Òfin wa ni pé ẹni tó bá gba kọ́ọ̀ṣì ní Dùgbẹ̀ kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ títí Kánò. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀, kó má padà wá mọ́. Oòrùn ń yọ nígbà tí a dé Ìlọrin. Ìyá Fúnmi sọ̀kalẹ̀, ó dúró láàárín èrò, kò mọ ibi tí ó máa dorí kọ. Mo mú kọ́kọ́rọ́ mi, mo fi lé Sùnmọ́nù lọ́wọ́, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ́ọ̀ṣì kejì.

Mo ní, "Bá mi wò wọ́n. Ẹni méjì ní Jẹ́bà, ẹnì kan ní Mínná, ìyá àgbà ní Zàríà."

Ó ní, "Délé, ṣé orí rẹ pé? Wọ́n máa lé ọ dànù!"

"Èmi ni mo ní kó sùn, Sùnmọ́nù."

Mo bẹ́ sílẹ̀. Mò ń sọ fún yín pé ẹ̀rù bà mí, kí ẹ má rò pé akọni ni mí. Ìyàwó mi ti lóyún àkọ́bí wa nígbà náà.

Mọ́tò tí a wọ̀ kò gbéra títí ó fi kún. Mo bẹ dírẹ́bà, mo dọ̀bálẹ̀ nínú kóòtù funfun, ó ní kí n dìde, èrò méjì ló kù. Nígbà tó wá gbéra, táyà rẹ̀ jò kí a tó dé Àjàṣẹ́. Aago mẹ́sàn-án bá wa níbi tí mo ti ń bá a yí nọ́ọ̀tì. Ìyá Fúnmi kàn ń ka nọ́ńbà àwọn mọ́tò tó ń kọjá wa, bí ẹni pé ó ń wá ọmọ nínú wọn.

Aago mẹ́wàá ku díẹ̀ la wọ kóòtù. Adájọ́ ti ń pa fáìlì dé. Ọmọbìnrin kékeré kan jókòó láàárín àwọn ẹbí bàbá rẹ̀, bí ó ṣe rí ìyá rẹ̀, ó fẹ́ sáré, wọ́n fà á padà. Akọ̀wé kóòtù ní, "Ìyáàfin, ẹ ti pẹ́. Wọ́n ti pe ẹjọ́ yín."

Mo bọ́ síwájú. Gbogbo èrò ilé ẹjọ́ ń wo kóòtù funfun mi tó ti dọ̀tí.

Adájọ́, bàbá arúgbó onígíláàsì nínípọn, wò mí. "Ìwọ ta ni?"

"Olúwa mi, èmi ni mo máa ń jí wọn nínú rélùwéè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Adájọ́ ní, "Ìwọ ni o kò jí i?"

"Mo jí ẹlòmíràn, olúwa mi." Mo wá rò ó fún un láti Dùgbẹ̀ dé orí táyà, bí wọ́n ṣe pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì, bí ìyá àgbà ṣe ki Ọ̀fà lójú oorun.

Bàbá ọmọ fò dìde. "Irọ́ ni, olúwa mi! Wọ́n jọ gbìmọ̀ pọ̀ ni! Ta ló ń sùn tó tún ń ki ìlú?"

Adájọ́ mi orí. "Òótọ́ ló sọ. Ìtàn rẹ dùn, ọ̀gbẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ṣòro gbà gbọ́. Mo ń gbé Ọ̀fà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bóyá Ọlọ́run yóò rán nǹkan sí mi. Ló bá rán an. Akọ̀dà kóòtù wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ooru ti mú un, ó fi orí ti ògiri, ó ń hanrun jẹ́jẹ́. Mo ní, "Olúwa mi, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ọmọ ìlú yìí ni akọ̀dà yín?"

"Ọmọ Ọ̀fà pọ́ńbélé ni."

"Ẹ gbà mí láyè ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo."

Mo rìn lọ síbẹ̀. Mo fi ìka kan ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì rẹ̀. Kó, kó, kó. "Ọ̀fà dé o, ẹ dìde."

Ọkùnrin náà kò la ojú. Kò mira. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló là, ó ní, "Ìyẹ̀rú Ọ̀kín!" ó sì ń hanrun rẹ̀ lọ.

Háà! Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Àwọn ẹbí bàbá ọmọ pàápàá ń rẹ́rìn-ín. Adájọ́ bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nu ojú, ó tún nu ojú. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ pe ẹjọ́ náà padà." Akọ̀dà wá jí, ó ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún un.

Wọ́n gbọ́ tẹnu ìyá, wọ́n gbọ́ tẹnu bàbá. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n ní kí Fúnmi wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kí bàbá máa wá wò ó nígbà tó bá fẹ́. Ọmọ náà fò mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn, kò sì bọ́ sílẹ̀ títí a fi padà dé Ìbàdàn. Èmi? Mo jókòó lẹ́yìn kóòtù, lábẹ́ igi máńgòrò, mo sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín papọ̀. Ara mi fúyẹ́. Bí wọ́n bá lé mi, kí wọ́n lé mi.

Ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí. Fúnmi yẹn ni olùkọ́ yín tó ní kí n kọ èyí.

Wọ́n fún mi ní kúèrì lóòótọ́. Wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wo ojú ìyàwó mi, tí òun náà ń wo tèmi. Nígbà tó yá, Ọ̀gá Láoyè ránṣẹ́ pè mí. Òun ni olórí gbogbo àwa onítẹ́bẹ́ẹ̀dì ní Dùgbẹ̀ nígbà náà.

Ó ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ méjì lo dá. Èwo ló tóbi jù?"

Mo ní, "Mo fi kọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, sà."

"Rárá. O kò bèèrè ẹni tó sùn síbo. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ pé kí o má ṣí kọ́tìnnì, kí o má pe orúkọ, kí o fi ara mọ́ ṣọ́ọ̀kì? Èmi ni. Mo ti kọ ọ́ síwèé fún wọn bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀gá tó máa ń tú bẹ́ẹ̀dì ká nítorí òwú pupa, òun ló kọ ọ́ síwèé pé ẹ̀bi òun ni. Wọ́n dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: láti ìgbà náà, a pa ṣọ́ọ̀kì tì. Páálí kékeré olókùn la fi rọ́pò rẹ̀, orúkọ ìlú rẹ wà lára rẹ̀, ìwọ fúnra rẹ lo máa fi kọ́ kọ́tìnnì rẹ. Bí o bá pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì nígbà mẹ́fà nítorí ìyá arúgbó mẹ́fà, páálí rẹ bá ọ lọ.

Ohun èlò ń yí padà lẹ́yìn náà bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Tìmùtìmù olówùú tó ń dá kókó sí èèyàn lẹ́yìn lọ, fóòmù dé. Àtùpà lọ, tọ́ọ̀ṣì dé. Nígbà tó yá, fóònù dé. Àwọn èrò ní àwọn ò nílò mi mọ́, fóònù àwọn yóò jí àwọn. Ẹ wá wo nǹkan! Fóònù ẹnì kan á máa ké, gbogbo kọ́ọ̀ṣì á jí, àfi ẹni tó ni ín. Èmi náà ni wọ́n á tún wá pè.

Ṣùgbọ́n èrò ń dín kù. Ọkọ̀ ń pẹ́ lọ́nà, àwọn èèyàn ń lọ wọ bọ́ọ̀sì ní Ìwó Road àti Challenge. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ń gbó, a kò rí tuntun. Nígbà tó ku ọdún díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, èmi ni mò ń fi ọwọ́ ara mi lẹ̀ wọ́n, pẹ̀lú òwú pupa. Lẹ́yìn náà, bẹ́ẹ̀dì di ohun ìtàn. Mi ò ní parọ́, ó dùn mí.

Ọjọ́ tí Ọ̀gá Láoyè fẹ̀yìn tì, ó ti sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi tó wá di òótọ́. Ó ní, "Délé, ẹni tó ń jí èèyàn kì í sùn tán. Ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá jí ìwọ náà, ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ rẹ parí." Mo rò pé àwàdà ni. Mo fẹ̀yìn tì, mo sì ń jí ní gbogbo ìdájí ní àkókò tí ọkọ̀ ń wọ Ọ̀fà. Ìyàwó mi sọ pé lójú oorun, ìka mi a máa kan pákó bẹ́ẹ̀dì. Á ní, "Bàbá Dàpọ̀, Agbowó la wà o, kò sẹ́ni tó ń sọ̀kalẹ̀!" Mo lo oògùn, mo mu ewé, kò gbọ́. Àárẹ̀ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n wà lára mi, kò sì rí ọ̀nà jáde.

Ní oṣù tó kọjá, Fúnmi ní kí n jẹ́ ká lọ sí Èkó, kí n lè rí ọmọ-ọmọ mi, òun náà ní nǹkan láti rà níbẹ̀. Rélùwéè tuntun la wọ̀ ní Mòníyà. Ẹ jọ̀wọ́, mo yẹ ọkọ̀ náà wò fínnífínní. Ó mọ́, ó tutù, ó ń sáré. Mo tẹ àga, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo bi ọmọbìnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò pé, "Bẹ́ẹ̀dì yín dà?" Ó ní, "Bàbá, kí ẹ tó sùn, a ti dé." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo sì dárí jì í.

Ní àbọ̀, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo ń wo igbó tó ń sáré lọ sẹ́yìn nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. A kọjá Abẹ́òkúta. Fúnmi ń máàkì ìwé yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń pòṣé, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ kọ. Mo ní kí n kàn fi orí ti àga díẹ̀.

Kó, kó, kó.

Mo gbọ́ ọ láti ibi tó jìn. Ohùn kan ní, "Ìlú dé o, ẹ dìde."

Mo ní, "Hẹn."

Kó, kó, kó. "Bàbá, 'hẹn' kì í ṣe orúkọ ìlú."

Mo la ojú. Ọkọ̀ ti dúró, àwọn èrò ti ń gbé ẹrù. Fúnmi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ìka rẹ̀ wà lára igi àga, kò fọwọ́ kàn mí. Ó ń dúró dè mí, ó ń gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ojú mi tutù, mi ò sì nù ún. Ara mi fúyẹ́ bíi ti ọjọ́ abẹ́ igi máńgòrò yẹn.

"Mòníyà," mo ní. "Mòníyà ni."

"Ẹ ti jí," ó ní, ó gba báàgì mi, a sọ̀kalẹ̀.